Owó pàjáwìrì lọ́wọ́ ìjọba fún ẹni tó sá fún lílù nílé: bí wọ́n ṣe ń rìn ín ní Àkúrẹ́

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn yín jù, ká lè mọ ibi tá a dúró sí. Kò sí ọ́fíìsì kankan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́ ẹ máa wọlé lọ lónìí, kẹ́ ẹ ní ọkọ mi lù mí mo sì sá jáde, kí wọ́n wá ka owó lé yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní Australia irú ẹ̀ wà, ìrànwọ́ tó lè tó 5,000 dọ́là wọn fún ẹni tó bá sá jáde, tí 1,500 níbẹ̀ jẹ́ owó lọ́wọ́, ìyókù ọjà àti nǹkan ilé. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tiwa fọ́n ká ni, díẹ̀ wà lọ́wọ́ wẹ́fíà, díẹ̀ wà ní ọsibítù, díẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà àwọn tí ò rí jẹ, èyí tó pọ̀ jù sì wà lápò ẹni tó lù yín, kóòtù ló máa bá yín yọ ọ́. Ìwé ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó mú ìwé dání á rí nǹkan gbà, ẹni tó gbé ẹkún nìkan lọ, "ẹ pẹ̀lẹ́ mà" ni wọ́n máa fún un.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ti rìn ín. Òru ni mo jáde nílé ọkọ mi, ọmọ méjì àti báàgì kan, nígbà tí mo tú báàgì náà wò nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àró, ṣòkòtò ọkọ mi méjì ló wà níbẹ̀ àti páálí ìpara kan tó ti tán. Kò sí ìwé kankan. Látìgbà yẹn mo ti bá àwọn àbúrò bíi mélòó kan rìn lọ sí àwọn ọ́fíìsì yìí, àwọn kan ní Àkúrẹ́ níbí, ẹnìkan láti Oǹdó, mo sì ti rí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ owó wọn nù. Ẹ̀yin ọkùnrin tí wọ́n ń lù nílé náà (wọ́n wà, ẹ má rẹ́rìn-ín), òfin ò yọ yín sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣì wà nínú ilé náà

Fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ fóònù tí òun náà máa ń gbà tú ni, ẹ kà èyí tán kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Ẹ pààrọ̀ PIN báǹkì yín níta, kì í ṣe nínú ilé, kẹ́ ẹ sì rántí pé tí àlẹ́ẹ̀tì báǹkì yín bá ń wọ nọ́ńbà tiẹ̀, gbogbo kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bá gbà ló máa rí. Mo mọ ẹnìkan tí ọkọ ẹ̀ fi àlẹ́ẹ̀tì POS mọ àdúgbò tó sá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó nọ́ńbà jọ. Tẹ *346# kẹ́ ẹ rí NIN yín, tẹ *565*0# kẹ́ ẹ rí BVN, orí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ló ti máa ń ṣiṣẹ́, owó díẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ lè há sórí tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì ọsibítù, káàdì àjọ yín (ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú káàdì àjọ o, mo ń bọ̀ wá bá a), rìsíìtì owó ilé tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ san án, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Fọ́tò ò wúwo nínú báàgì.

Tẹ́ ò bá rí ìkankan mú bíi tèmi, kò tíì parí. Ẹ lọ gba ìwé pé ìwé yín sọnù lọ́wọ́ ọlọ́pàá, èyí tí wọ́n ń pè ní extract, kẹ́ ẹ sì búra àfídáfíìtì ní kóòtù. Ìwé méjèèjì yẹn máa dúró fún yín títí ìyókù á fi dé.

Ọsibítù ṣáájú gbogbo nǹkan

Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe tó ga jù nìyí. Mo wẹ̀, mo fi omi gbígbóná jó ojú, mo fi gèlè bò ó, mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tó kù lójú mi ò ju àbààwọ́n lọ, ohun tí dókítà sì rí náà ló kọ.

Ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ọsibítù ìjọba ni kó jẹ́ tó bá ṣeé ṣe, torí ìwé tiwọn máa ń rọrùn fún kóòtù, ọsibítù ńlá ìjọba wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, ó sì wà ní Ọ̀wọ̀. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé kò sí ọsibítù tó gbọ́dọ̀ lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì padà, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe é. Ẹ má fi òfin yẹn bá nọ́ọ̀sì jà, ẹ kàn mọ̀ ọ́n sínú.

Tí dókítà bá bi yín pé kí ló ṣe yín, ẹ má sọ pé ẹ ṣubú. Gbogbo wa la ti ṣubú rí, àtẹ̀gùn ilé wa ló burú jù láyé. Ẹ sọ pé ọkọ mi ló lù mí, ohun báyìí ló fi lù mí, àkókò báyìí ni, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá yín lò, ó níye wákàtí tẹ́ ẹ ní: òògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, nítorí náà ẹ má dúró de ọlọ́pàá, ẹ má dúró de pásítọ̀.

Wàyí, ọ̀rọ̀ owó. Ní ọsibítù ńlá, ẹ béèrè fún àwọn wẹ́fíà ọsibítù, Medical Social Services. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé wọ́n wà. Iṣẹ́ wọn ni láti jókòó tì yín, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ lè san owó, tẹ́ ò bá lè san án wọ́n lè bá yín bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n á bi yín léèrè púpọ̀, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹni tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ dáhùn láìtijú. Owó tí wọ́n bá gé kúrò níbẹ̀, owó ìjọba náà nìyẹn, bó ò tiẹ̀ kan ọwọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ béèrè fún medical report, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo rìsíìtì, títí kan ti paracetamol.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má gbàgbé láti sọ̀rọ̀ owó

Ẹ béèrè fún Family Support Unit tàbí ẹni tó wà ní gender desk. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá ẹni tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ lọ parí ẹ nílé. Èmi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ ẹ kọjá sí ọ́fíìsì tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀, wọn á fún yín lẹ́ni tó máa tẹ̀lé yín padà wá. Ọwọ́ ọlọ́pàá máa ń yá nígbà tí ẹ bá mú ẹnìkan dání tó ní fáìlì lábẹ́ abíyá.

Òfin tó wà lẹ́yìn yín ni VAPP, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, Oǹdó sì ti ní tiẹ̀ láti 2021 lásìkò Gómìnà Akérédolú. Ẹ má ṣe máa ka nọ́ńbà ẹsẹ òfin fún ọlọ́pàá o, torí nọ́ńbà ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lè má bára mu, ẹ kàn sọ pé VAPP. Nínú ti àpapọ̀, ó kọ ọ́ dúdú lórí funfun pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti dé ibi ààbò, láti dé ọsibítù, kí wọ́n sì tẹ̀lé e padà lọ sílé náà kó lè kó ẹrù ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ béèrè fún un. Owó ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, fírísà tẹ́ ẹ fi ń ta omi tútù, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, ohun tẹ́ ẹ bá rí kó jáde lẹ ò ní rà.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọ stétímẹ́ǹtì, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń pàdánù. Wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbátí, wọn ò ní kọ pé ó gba ATM mi, ó tì ṣọ́ọ̀bù mi pa, kò fún mi lówó oúnjẹ láti oṣù mẹ́ta, ó tì wá síta. Lójú òfin yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ọ̀tọ̀ ni ti lílù. Nínú òfin àpapọ̀, lílu ìyàwó tàbí ọkọ lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta tàbí ìtanràn 200,000. Dídá owó dúró láti fi mú èèyàn lẹ́rú, ọdún méjì tàbí 500,000. Títi èèyàn síta kúrò nílé, ọdún méjì tàbí 300,000. Fífi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ láìsí ohun tí wọ́n máa jẹ, ọdún mẹ́ta tàbí 500,000. Ẹ wò ó, òfin gan-an ka ọ̀rọ̀ ebi sí ju ẹ̀ṣẹ́ lọ níbi ìtanràn. Ìtanràn yẹn ò wá sọ́wọ́ yín, ìjọba ló ń gbà á, àmọ́ tó bá ti wà nínú stétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó máa sọ ní kóòtù pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ owó ni.

Ẹ gba orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ yín, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Wẹ́fíà, Women Affairs, àti ọ́fíìsì GBV

Ọ́fíìsì tí mo ní mo máa dárúkọ nìyí: Ondo State Agency Against Gender-Based Violence, Àkúrẹ́ ló wà. Iṣẹ́ tiwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ Ministry of Women Affairs ní Alágbàká débẹ̀, wọ́n á júwe. Tẹ́ ò bá sí ní Àkúrẹ́, gbogbo káńsù méjìdínlógún tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí ló ní wẹ́fíà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí wọ́n kọ lẹ́tà tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ láìní lẹ́tà, owó ọkọ̀ ẹ̀ ló fẹ́ fi ṣòfò.

Kí ni wọ́n lè fún yín? Ibi ààbò fúngbà díẹ̀, oúnjẹ, owó ọkọ̀, lẹ́tà sí ọsibítù, lẹ́tà sí ilé ìwé, lọ́yà, iṣẹ́ ọwọ́, nígbà míì owó díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ọjà. VAPP ti àpapọ̀ kà á sí ẹ̀tọ́ yín ni: ìtọ́jú, ìmọ̀ràn, ìrànwọ́ lọ́yà, ìkọ́ṣẹ́, àti àǹfààní sí owó yíyá kékeré. Ẹ̀tọ́ ni o, àmọ́ ẹ̀tọ́ tí ẹnìkan ò béèrè fún, inú dúráwà ló ń sùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè ló ṣe pàtàkì. Lẹ́tà tí èmi kọ́kọ́ kọ sí ọ́fíìsì kan, mo sọ ìtàn ayé mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, mo wá parí ẹ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i". Wọ́n kàánú mi. Wọ́n fi lẹ́tà sínú fáìlì. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí nǹkan kan. Ìyá kan tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Ìyá Ayọ̀, ìjọba ò lè sanwó fún ẹkún, ẹ sọ iye." Lẹ́tà kejì, ojú ewé kan péré, mo sọ iye. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n pè mí.

Báyìí ni kó rí, ẹ fi èdè tó bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu kọ ọ́, ẹnìkan á bá yín túmọ̀ ẹ̀ tó bá pọn dandan:

"Orúkọ mi ni báyìí, nọ́ńbà NIN mi nìyí, mo ń gbé ní (ẹ kọ àdúgbò, ẹ má kọ nọ́ńbà ilé). Ní ọjọ́ báyìí ọkọ mi lù mí, ó sì tì mí síta pẹ̀lú ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọdún mẹ́ta. Mo ti lọ ọsibítù, mo ti fi tó ọlọ́pàá létí, ìwé méjèèjì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mò ń ta tòmátì ní Ọjà Ọba, mi ò tíì lè padà sọ́jà. Ohun tí mo nílò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́: owó yàrá kan, oúnjẹ, yúnífọ́ọ̀mù méjì, owó tí mo fi máa ra ọjà padà. Iye wọn nìyí."

Ẹ wá kọ iye síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kàn kọ lẹ́tà sí afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ má dá lọ tẹ́ ẹ bá rẹ́ni mú dání, kẹ́ ẹ sì tètè lọ láàárọ̀. Bí aago méjì bá ti lù ní Alágbàká, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí.

Kóòtù: owó tó pọ̀ jù wà níbí

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kóòtù ni wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká, kò kan nǹkan míì. Ìdí nìyẹn tí àwa obìnrin fi máa ń sáré lọ kóòtù ìbílẹ̀ láti dá owó orí padà, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ á wá gba oṣù gbọọrọ, ebi ò sì ní dúró dè é. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ààbò ná, protection order ni wọ́n ń pè é, ìkọ̀sílẹ̀ lè dúró.

Nínú ìwé ààbò yẹn, kì í ṣe pé kóòtù máa ní kó má sún mọ́ yín nìkan. VAPP fún kóòtù lágbára láti ní kó san owó ilé yín, kó sì san owó ìrànwọ́ pàjáwìrì. Òfin náà ò fi owó pàjáwìrì yẹn sílẹ̀ lófìfo, ó ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀: owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ pàdánù, owó ìtọ́jú ara àti eyín, owó kíkó kúrò àti ibi tẹ́ ẹ máa gbé, àti nǹkan tó pọn dandan fún ilé. Kóòtù á wo ohun tẹ́ ẹ nílò, á wo ohun tó ní, á dá iye lé e. Àṣẹ náà sì ní agbára bíi ìdájọ́ kóòtù lórí gbèsè, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ẹ ò nílò owó lọ́yà. Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, òfin wọn ti 2011 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn 70,000 náírà láti 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí náà wọn ò ní gbà yín, ẹ ṣírò èrè, ẹ má ṣírò ọjà tó wà nílẹ̀. Àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, náà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kì í ṣe ìjọba. Wẹ́fíà tàbí ọlọ́pàá tàbí nọ́ọ̀sì pàápàá lè bá yín béèrè fún ìwé ààbò yìí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹni tí ara ẹ̀ ò tíì yá lè tipa bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà á kọ ìwé, ẹ̀yin á búra àfídáfíìtì, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ (aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n, ìyá ìjọ) náà á búra tiẹ̀. Kóòtù lè kọ́kọ́ fún yín ní ìwé ààbò fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ọkọ, tó bá hàn pé ewu wà. Wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí i, á wá sọ tiẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹ sọ fún lọ́yà pé ẹ ò fẹ́ kí àdírẹ́sì yín hàn nínú ìwé náà, òfin fàyè gbà á. Ẹnìkan ò rántí sọ ìyẹn, àdírẹ́sì ẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ kà lórí ìwé tí béélífù, ìránṣẹ́ kóòtù, fi lé e lọ́wọ́.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ iye, ẹ gbé káàdì àjọ jáde. Alájọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lójoojúmọ́ ti ń kọ ìwé ẹ̀rí fún yín láìmọ̀. Tí káàdì bá fi hàn pé ẹ ń dá 2,000 lójúmọ́ láti January, tó wá dá dúró ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó lù yín, adájọ́ ò nílò àlàyé mọ́ pé ẹ ní iṣẹ́ àti pé iṣẹ́ náà dúró. Èrè yín gan-an lè ju 2,000 lọ, ẹ mú ìwé ọjà wá, ẹ mú stétímẹ́ǹtì báǹkì wá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń ta tòmátì yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ọsibítù 18,500, òògùn 7,200, ọ̀kadà àti máàrúwá 6,300, ọjọ́ mẹ́wàá tí kò lọ sọ́jà ní 4,000 lójúmọ́ jẹ́ 40,000, ìkòkò àti ẹní àti àwo 23,000, yàrá kan 120,000. Ó jẹ́ 215,000. Ọ̀kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ máa kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ lọ, iye tẹ́ ẹ san, sínú ìwé kékeré kan, lójoojúmọ́, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí kóòtù kù ọ̀la. Ìwé tí wọ́n fi bírò kan kọ lọ́jọ́ kan, adájọ́ mọ̀ ọ́n.

Ti àwọn ọmọ yàtọ̀. Oǹdó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007, bàbá ò lè sọ pé torí ìyá sá lọ, òun ò ní bọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà béèrè fún ìyẹn lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba títí dé JSS 3, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ṣí kúrò ní àdúgbò, lẹ́tà wẹ́fíà lè mú kí wọ́n gba ọmọ wọlé kí ìwé ilé ìwé àtijọ́ tó dé.

25,000 ìjọba àpapọ̀ àti rẹ́jísítà

Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè èyí, mo fẹ́ yára sọ ọ́. Ní October 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, 75,000 lápapọ̀, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Wọ́n dá a dúró ní January 2024, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, NIN di dandan. Kò sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa gbà ní káfè. Inú National Social Register, rẹ́jísítà àwọn tí ò rí jẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ti ń mú orúkọ, àdúgbò fúnra ẹ̀ ló ń jókòó láti sọ àwọn tí ò ní, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Ìdílé ni wọ́n sì ń kọ, kì í ṣe ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Tí orúkọ yín bá wà lábẹ́ ilé ọkọ, ibẹ̀ lowó ń lọ. Ẹ ní kí wẹ́fíà káńsù ibi tẹ́ ẹ ń gbé báyìí kọ yín gẹ́gẹ́ bí ilé tuntun tí obìnrin ń darí, kẹ́ ẹ sì ti lẹ́tà òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Ìgbà yòówù kí owó mìíràn tún jáde, inú rẹ́jísítà kan náà ni wọ́n sábà máa ń wò.

Níbẹ̀ náà lẹ ti lè béèrè fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aláìní ní ọsibítù kékeré àdúgbò yín, BHCPF ni wọ́n ń pe ètò náà, kó má di pé ibà ọmọ kan ló máa jẹ owó tẹ́ ẹ fi ara pa gbà.

Ẹni tó bá sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé owó àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù ti dé, ẹ san 2,500 ká fi kọ orúkọ yín, olè ni. Ìjọba ò gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó wá gba owó. Ẹni tó sá jáde nílé ni wọ́n máa ń wá, torí wọ́n mọ̀ pé ojú ń pọ́n ọn.

Àkáǹtì tiyín

Ẹ má lo àkáǹtì tó mọ̀. Àkáǹtì kékeré, tier one, ò gbà ju NIN tàbí BVN, fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù lọ, wọn ò ní bi yín léèrè bíìlì iná. Ó níye tó lè wà níbẹ̀, 300,000, ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tuntun ni kẹ́ ẹ lò, kí orúkọ inú NIN àti orúkọ inú àkáǹtì bára mu. Tí NIN yín bá ń jẹ́ orúkọ bàbá yín tí àkáǹtì ń jẹ́ orúkọ ọkọ, owó á máa padà sẹ́yìn, wọ́n á ní "failed", ẹ̀yin á sì rò pé wọ́n jẹ yín níyà. Ẹ ṣí àkáǹtì sí orúkọ tó wà nínú NIN.

Tí kóòtù bá ti dá iye, tí kò san án

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tèmi, wọ́n ní kó san 60,000 láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó gbé 15,000 fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa bọ̀ wálé ká jọ jẹ ìyókù. Ẹ má gba owó lọ́wọ́, ẹ má gbà á nípasẹ̀ ẹbí, torí kò ní sí ẹ̀rí iye tó san àti iye tó kù. Inú àkáǹtì ni kó máa wọ̀. Tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, ẹ tẹ stétímẹ́ǹtì àkáǹtì yẹn jáde ní báǹkì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, ẹ mú un lọ bá akọ̀wé kóòtù pẹ̀lú ẹ̀dà àṣẹ, lọ́yà á bá yín béèrè pé kí wọ́n fi agbára gba gbèsè náà. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló wá bá yín níbi tẹ́ ẹ wà, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ míì, ẹ̀dà ìwé ààbò yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ yín jù, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, kí wọ́n gbé e. Èmi máa ń ká tèmi sínú ike, mo fi sínú pọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àjọ.